Bí Ilé-iṣẹ́ Ṣe Lè Ra Kírẹ́díìtì Káríbọ̀nù Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Láì Fowó Ra Òfo

Ríra kírẹ́díìtì káríbọ̀nù, tí ilé-iṣẹ́ ń rà láti fi dí èéfín tí òun fúnra rẹ̀ tú jáde, kò gba wàhálà mọ́. Lórí ìkànnì bíi Patch àti Cloverly, àwọn tó ń gbin igbó, àwọn tó ń kó gáàsì jáde láti inú ààtàn, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fa káríbọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́, gbogbo wọn ló pàtẹ síbẹ̀. Ẹ mú èyí tó wù yín, ẹ sanwó. Kírẹ́díìtì kan dúró fún tọ́ọ̀nù kan èéfín káríbọ̀nù tí wọn kò jẹ́ kó bọ́ sójú ọ̀run, tàbí tí wọ́n fà padà kúrò níbẹ̀. Àmọ́ alágbàtà lásán ni ìkànnì náà. Ẹ̀rí ohun tí ẹ rà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀; inú ìwé àkọsílẹ̀ ibòmíràn ló wà, ọ̀pọ̀ olùrà kì í sì í yà síbẹ̀ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ ka èéfín tiyín

Kí ẹ tó ṣí àkáǹtì, ẹ kó rìsíìtì epo, bíìlì iná àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú jọ. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni GHG Protocol, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín èéfín sí. Scope 1 ni epo tí ẹ fúnra yín jó nínú ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀. Scope 2 ni iná mànàmáná tí ẹ rà. Scope 3 ni gbogbo ìyókù, láti orí ọjà tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí dé ìrìn àjò òṣìṣẹ́. Òun ló sábà máa ń pọ̀ jù, òun náà ló sì nira jù láti kà.

Ẹ wo bí ìṣirò náà ṣe ń lọ. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan máa ń tú nǹkan bíi kílò 2.7 èéfín káríbọ̀nù jáde. Jẹnẹrétọ̀ tó ń jẹ lítà 1,000 lóṣù á jẹ 12,000 lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ kílò 32,400, tàbí tọ́ọ̀nù 32.4. Ẹ sún un sókè sí 33. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló máa bá yín ṣírò, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní kí ẹ sọ kìkì iye owó tí ẹ ná, àfojúbù ló ń ṣe. Èyí tó bá béèrè lítà àti kílówáàtì-wákàtí ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé èyí tó bá ṣeé gé. Mi ò ní fa èyí gùn: tọ́ọ̀nù tí ẹ kò tú jáde, ẹ ò ní wá kírẹ́díìtì kankan fún un.

Ẹ yẹ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ sanwó fún wò fínnífínní

Ibí gan-an lowó ti ń ṣòfò. Kírẹ́díìtì kan lè jẹ́ dọ́là díẹ̀, òmíràn á sì wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Ní Iceland, ilé-iṣẹ́ Climeworks ṣí Orca, ẹ̀rọ tó ń fa káríbọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́, lọ́dún 2021. Káríbọ̀nù tí ẹ̀rọ náà bá fà, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Carbfix á pò ó mọ́ omi, á tì í wọ inú àpáta basalt lábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti di òkúta. Ó wọ́n, àmọ́ kò sí iná tó lè jó o. Igbó ní tirẹ̀ lè jóná, wọ́n sì lè gé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ya ìpín kan sọ́tọ̀ lára kírẹ́díìtì igbó de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè bí ìpín náà ṣe pọ̀ tó.

Ìbéèrè tó ju gbogbo wọn lọ nìyí: ká ní kò sí owó kírẹ́díìtì, ṣé iṣẹ́ náà ì bá ṣì wáyé? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò ra nǹkan kan. Lọ́dún 2024, ICVCM, àjọ tó ń yẹ ìlànà kírẹ́díìtì wò, kọ̀ láti fún ìlànà mẹ́jọ tó jẹ mọ́ iná oòrùn, iná afẹ́fẹ́ àti irú wọn ní òǹtẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ CCP, torí ìbéèrè yìí kan náà. Síbẹ̀ irú kírẹ́díìtì bẹ́ẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ lówó pọ́ọ́kú. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 pẹ̀lú, àwọn oníròyìn The Guardian, Die Zeit àti SourceMaterial gbé ìwádìí jáde pé ó lé ní ìdá 90 nínú 100 kírẹ́díìtì igbó kìjikìji tí Verra, àjọ tó ń fọwọ́ sí kírẹ́díìtì, fọwọ́ sí tó ṣeé ṣe kó má dín èéfín kankan kù. Verra ta kò ó pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí náà kò tọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá kírẹ́díìtì náà ti wà nílẹ̀, àbí ìlérí ọdún tó ń bọ̀ ni. Ẹ béèrè iye tí alágbàtà ń mú níbẹ̀. Bí kò bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ wá ìkànnì mìíràn.

Ẹ rí i pé wọ́n fagi lé e lórúkọ yín

Kírẹ́díìtì tí ẹ ti sanwó rẹ̀ ṣì ṣeé tà fún ẹlòmíràn bí wọn kò bá tíì fagi lé e nínú ìwé àkọsílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Retirement ni wọ́n ń pe ìfagilé yìí lọ́jà. Sáṣífíkéètì aláràbarà kò tó ẹ̀rí. Ẹ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ kírẹ́díìtì náà, kí ẹ gbé e lọ sí ìwé àkọsílẹ̀ gbangba tí Verra, Gold Standard tàbí Puro ń tọ́jú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyíkéyìí tí iṣẹ́ náà bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ iṣẹ́ náà, ọdún rẹ̀, iye tọ́ọ̀nù, ọjọ́ tí wọ́n fagi lé e, àti ẹni tí wọ́n fagi lé e fún. Orúkọ yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Bó bá jẹ́ ti alágbàtà ló wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ṣe ló ra ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó ń gé e ní kílò-kílò fún àwọn oníbàárà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó so API, ètò tó ń jẹ́ kí ìkànnì méjì máa bára wọn sọ̀rọ̀, mọ́ ibi ìsanwó ọjà wọn. Kì í ṣe jìbìtì dandan, ṣùgbọ́n ẹ ní kó fi bó ṣe pín in hàn yín.

Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ máa sọ fáyé

Òfin 2024/825 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2026, kò gbà kí ẹ sọ fún oníbàárà pé ọjà yín kò pa ojú ọjọ́ lára kìkì nítorí pé ẹ ra kírẹ́díìtì. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe gan-an: “Jẹnẹrétọ̀ wa tú tọ́ọ̀nù 32.4 jáde lọ́dún yìí. A ra kírẹ́díìtì 33, a sì ti ní kí wọ́n fagi lé wọn.” Kí orúkọ iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó fúnra rẹ̀.