Ọjọ́ tí ìbọn bá dún nìkan kọ́: àṣìṣe àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ládùúgbò àwọn Hispanic

Akọ̀ròyìn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ìbọn bá dún nìkan ló ń dé Boyle Heights, àdúgbò àwọn Hispanic (àwọn tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì, tí wọ́n tún ń pè ní Latino) ní Los Angeles, kó má bínú bí ará àdúgbò bá ń yẹra fún un. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Onílé tó tún fi owó kún owó ilé, òbí tó ń bá ilé ẹ̀kọ́ fa ọ̀rọ̀, ìnáwó quinceañera ọmọbìnrin tó pé ọdún 15: ìròyìn ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ ọlọ́pàá kì í rí wọn.

Ẹ má sì da gbogbo àwọn Hispanic pọ̀. Ọmọ Puerto Rico kì í ṣe àjèjì; láti 1917 ni òfin ti sọ wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà. Ohun tó ká ará Kúbà lára ní Hialeah, ní Florida, lè má kan ọmọ Mẹ́síkò ní Pilsen, ní Chicago, rárá. Pe ọmọ Ẹ̀gbá ní Haúsá, kó o wo ojú tó máa fi wò ẹ́. Àwọn kan tún máa ń kọ ọ́ pé Cinco de Mayo (5 May) ni òmìnira Mẹ́síkò. Ogun Puebla ti 1862, níbi tí Mẹ́síkò ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Faransé, ni wọ́n fi ń rántí. 16 September ni ti òmìnira.

Èyí tó máa ń dun èmi jù ni kí wọ́n máa kọ nípa ẹ̀sìn Lukumí, ẹ̀sìn òrìṣà Yorùbá tó gba Kúbà dé Amẹ́ríkà, bí ẹni ń pìtàn iwin. Ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ìjọ kan láre ní Hialeah, torí ìlú náà ti ṣòfin tako ẹran tí wọ́n ń pa fún òrìṣà. Babalú Ayé ló wà nínú orúkọ ìjọ ọ̀hún, Ọbalúayé tiwa gan-an. Ẹ bi olórìṣà léèrè kí ẹ tó kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Ẹ má ki ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì bọ Google Translate kí ẹ wá gbé e fún àwọn Hispanic. Ìwé ìròyìn La Opinión ti ń fi Sípáníìṣì kọ̀ròyìn ní Los Angeles láti 1926. Àwọn tó ń kà á mọ ojúlówó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà, nítorí náà ojú ìwé àkọ́kọ́ ló yẹ ọ̀rọ̀ àdúgbò wọn pẹ̀lú.

Ìwé ìròyìn Los Angeles Times gba Pulitzer, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún iṣẹ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà, ní 1984 fún ọ̀wọ́ ìròyìn tó gbé jáde nípa àwọn Latino ní gúúsù California. Akọ̀ròyìn àti olóòtú tí wọ́n jẹ́ Latino fúnra wọn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, wọn ò fi lé ẹni tó ṣì ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́.