Títo iṣẹ́ ọjọ́ nígbà tí iná àti nẹ́tíwọ̀kì kò ní àsìkò

Ètò tí a fi aago gé wẹ́wẹ́, aago 8 sí 9 fún èyí, aago 9 sí 10 fún tọ̀hún, dára fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ. Olùkọ́ tó ń dáko ní Kàbbà, aránṣọ ní Ìsánlú, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá nílé ní Mọ̀pà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń sùn ní Lọ́kọ́jà láàárín ọ̀sẹ̀ tó sì ń wálé lọ́jọ́ Ẹtì: irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í bá wọn dé ọ̀sán. Aago 8 á lù, iná ò ní sí. Iná á dé, nẹ́tíwọ̀kì á ti lọ. Méjèèjì á pé tán, ọjà á bọ́ sí ọjọ́ náà. Ẹni tí ètò rẹ̀ bá dàrú báyìí lẹ́ẹ̀mẹta á ní òun ò mọ ètò ṣe, bẹ́ẹ̀ ìwà rẹ̀ kọ́ ló burú, ètò náà ni kò bá ibi tó ń gbé mu. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ni pé ká kọ́kọ́ béèrè ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò kó tó ṣeé ṣe, ká wá fi ìyẹn to ọjọ́ wa.

Jótà kan, bírò méjì

Jótà tó wọ àpò ló dára jù. Ẹ má fi ìwé ńlá ṣe é, torí ilé ni ẹ máa fi í sí. Gbogbo iṣẹ́ tó bá sọ sí yín lọ́kàn, tàbí tí ẹnìkan bá bẹ̀ yín, inú ìwé yìí ló ń wọ̀ lójú ẹsẹ̀: kì í ṣe ẹ̀yìn ìwé ìpè ìyàwó, kì í ṣe WhatsApp, kì í ṣe "màá rántí". Bí iṣẹ́ bá ti pín sí ibi mẹ́ta, ẹ ò ní lè gbẹ́kẹ̀ lé ìkankan nínú wọn mọ́. Fóònù náà lè ṣe é o, Google Keep, áàpù tí a fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí fóònù láti kọ nǹkan kan sílẹ̀ sábà máa ń bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wo fídíò.

Bí a ṣe kọ iṣẹ́ ṣe pàtàkì ju ibi tí a kọ ọ́ sí lọ. Ẹ fi ohun tí ẹ máa ṣe gan-an bẹ̀rẹ̀, kí iye sì wà níbẹ̀. "Oko" kì í ṣe iṣẹ́. "Gbin ẹ̀gẹ́" pàápàá kò tíì di iṣẹ́, torí ó ju ohun tí èèyàn lè dìde lọ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí irú rẹ̀ fi máa ń wà nínú ìwé títí òjò á fi lọ. Ẹ jẹ́ ká tú u. Bí a bá fi mítà kan sí àárín ẹ̀gẹ́ kan àti èkejì, lóòró àti níbùú, éékà kan á gba nǹkan bí 4,000. Igi ẹ̀gẹ́ tó gùn ní mítà kan á fún wa ní ègé 4, sẹ̀ǹtímítà 25 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdì tí igi 50 wà nínú rẹ̀ á fún wa ní ègé 200. Ìdì 20 nìyẹn fún éékà kan, ká fi 2 lé e nítorí èyí tó bá gbẹ. Ohun tó máa wọ jótà wá ni: "Pe ẹni tó ń ta igi ẹ̀gẹ́, béèrè iye tí ìdì 22 jẹ́." "Wá ọkọ̀ tó máa kó o lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." "Pe alágbàṣe mẹ́ta, kí wọ́n wá kọ ebè ní Ọjọ́rú." Àkọ́kọ́ nínú wọn kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ lè ṣe é lórí ìjókòó.

Àmì márùn-ún

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ lẹ́tà ohun tó nílò. I fún iná. N fún nẹ́tíwọ̀kì. A fún agbára, ti ara tàbí ti orí tó jí pépé. E fún èèyàn tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. O fún owó. Iṣẹ́ kan lè ní méjì: títẹ nóòtù ẹ̀kọ́ sórí kọ̀ǹpútà jẹ́ I àti A; fífi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ jẹ́ N; gbígba ìbuwọ́lùwé ọ̀gá jẹ́ E. Èyí tí kò nílò ìkankan, bíi títo fáìlì tàbí fífi ọwọ́ rán bọ́tìnnì, ẹ má fi àmì sí i. Òun ni ẹ máa mú nígbà tí gbogbo yòókù bá dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ tí iná bá ṣàdédé dé ní aago 2 ọ̀sán ni ẹ máa mọ ìwúlò rẹ̀. Ẹni tí kò ní àmì á fi fóònù sí iná, á tan tẹlifíṣọ̀n, á wá máa ronú ohun tó yẹ kóun ṣe. Ẹni tó ní àmì á ṣí jótà, ojú rẹ̀ á lọ síbi I nìkan: aṣọ tó fẹ́ lọ̀, omi tó fẹ́ fà sókè, ojú-ìwé mẹ́rin tó fẹ́ tẹ̀. Ẹ fi èyí tó kúrú jù bẹ̀rẹ̀, torí a ò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un. Bí bátìrì kọ̀ǹpútà yín bá ti kú tó jẹ́ pé iná tààrà ló ń lò, ẹ tẹ Ctrl àti S lẹ́yìn ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ wákàtí kan má bàa bá iná lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíkọ A sára gbogbo nǹkan. Iṣẹ́ tí ẹ ò lè ṣe dáadáa bó bá ti rẹ̀ yín nìkan ló ń jẹ́ A. Pípe èèyàn lórí fóònù kì í ṣe A. Ìṣirò owó ẹgbẹ́ jẹ́ A.

Mẹ́ta péré

Lálẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ mú iṣẹ́ 3 fún ọ̀la, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ A. Òun lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, láàárín aago 5:30 sí 8, kí oòrùn tó mú, kí ìpè tó máa wọlé. Bí ẹ bá parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ padà sínú jótà lọ mú òmíràn.

Ìdí tí a kì í fi í ju 3 lọ ni pé gbogbo wa là ń fojú kéré àkókò tí iṣẹ́ máa gbà. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1979: bí èèyàn bá ń ṣírò iṣẹ́ tó wà níwájú, bí nǹkan ṣe máa lọ geere ló máa ń rí, kì í wẹ̀yìn wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pẹ́ tó nígbà tó ṣe é kẹ́yìn. Oògùn rẹ̀ ò le. Nígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó gbà gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín oṣù kan, ẹ ó ti mọ̀ pé nóòtù ẹ̀kọ́ tí ẹ ń pè ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ń gbà yín ní 70, ẹ ò sì ní máa to mẹ́rin jọ sí àárọ̀ kan mọ́.

Fún iṣẹ́ orí ìjókòó, ọgbọ́n ará Ítálì kan, Francesco Cirillo, láti apá ìparí àwọn ọdún 1980, ṣì dára: ìṣẹ́jú 25 iṣẹ́, ìṣẹ́jú 5 ìsinmi, àti ìsinmi gígùn lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ lo aláàmù fóònù, kí ẹ dojú fóònù dé tábìlì. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í fẹ́ ẹ. Kí aránṣọ tó yí okùn padà, tó tún ẹ̀rọ tò, tó sì rí ojú ìlà, ìṣẹ́jú 25 ti ń lọ sópin, àgbẹ̀ tó bá sì ń jókòó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25 kò ní rí ebè kọ. Iye ni kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi wọn ara rẹ̀: ebè 50, ká sinmi, apá méjì àti ọrùn, ká sinmi.

Pawabáǹkì àti ṣájà

Ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́ fún wa bí àwọn èèyàn ṣe ń ná owó sí pawabáǹkì tí wọn ò sì rí agbára tí wọ́n rò. 10,000mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò ní wọ fóònù tán. Fólítì 3.7 ni bátìrì inú rẹ̀, fólítì 5 ló fi ń gbé iná jáde, díẹ̀ sì ń sọnù bí ooru. Ohun tó ń jáde gan-an máa ń tó 6,000 sí 6,500. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh á kún lẹ́ẹ̀kan, á tún gba díẹ̀ sí i. Kò ní kún lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó burú ju ìyẹn ni ṣájà. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. 5V 1A, ìyẹn fólítì 5 àti áńpíà 1, jẹ́ wáàtì 5: wákàtí 8 sí 10 ló máa gbà kí pawabáǹkì 10,000 tó kún. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 3 ni iná ń wá, kò lè kún láé, ẹ ó sì máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Pẹ̀lú 5V 2A, wákàtí 4 sí 5 ni. Wáàtì 18 yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí pawabáǹkì àti okùn bá lè gbà á. Nítorí náà, kí ẹ tó ra pawabáǹkì kejì, ẹ pààrọ̀ ṣájà. Ẹ má sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó bá ń gba iná, ó ń gbóná.

N: ẹ jẹ́ kí nẹ́tíwọ̀kì bá yín ní ìmúrasílẹ̀

Ẹ kó gbogbo iṣẹ́ N jọ sí ojú kan, kí ẹ ti kọ lẹ́tà, kí ẹ ti ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí, kí ẹ ti gé e kéré, ṣáájú kí nẹ́tíwọ̀kì tó dé. Ní Google Docs, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, ẹ yan Make available offline nígbà tí dátà bá ń lọ, ìwé náà á ṣí lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá sí. Ní WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Storage and data, kí ẹ pa gbogbo fídíò lábẹ́ Media auto-download. Dátà yín á pẹ́ sí i. Gbogbo gúrúùpù ìdílé, ìjọ àti ẹgbẹ́, ẹ fi wọ́n sí Mute, Always, kí ẹ máa wò wọ́n lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ní àkókò iṣẹ́ A, ẹ tan Do Not Disturb, kí ẹ jẹ́ kí ìpè àwọn òbí àti ilé ìwé ọmọ nìkan máa wọlé. Bí àgbà bá pè nígbà náà tó sì wọlé, kò sí ohun tó burú nínú "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, mo ń pè yín padà láago 9." Ṣùgbọ́n ẹ pè wọ́n láago 9 o.

Ọjà inú fóònù

Bí ọjà yín bá jẹ́ ti ọrọọrún, ẹ rántí pé àwọn àgbà ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn. Ọjà tí a ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì la tún máa ná an. Fóònù kì í ka bẹ́ẹ̀. Ní Google Calendar, ẹ kọ "Ọjà", ẹ tẹ Does not repeat, Custom, kí ẹ sì fi 4 síbi iye ọjọ́. Bí ẹ bá fi 5, ọjà tó kàn á ti fi ọjọ́ kan ṣì, èyí tó tẹ̀ lé e á fi méjì ṣì. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí Àbámẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28. Ẹ má fi iṣẹ́ tó jẹ́ E sí Àbámẹ́ta yẹn: alágbàṣe kò ní sí, ọkọ̀ á sì kún.

Ìsìnkú àti ìgbéyàwó ńkọ́? A ò lè ní kí ẹ má lọ, ará ilé ni wá. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọjọ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi iṣẹ́ kan péré sí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Ẹ ṣí jótà, ẹ fa ìlà sí èyí tó ti parí, kí ẹ fi ọwọ́ kọ èyí tó kù sí ojú-ìwé tuntun pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ọwọ́ á ro yín níbi tí ẹ bá ti ń kọ ohun kan náà léraléra, ìyẹn gan-an la fẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ bá ti gbé síwájú lẹ́ẹ̀mẹta kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kẹrin bó ṣe wà. Bóyá ó tóbi jù, ẹ gé e bí a ṣe gé ẹ̀gẹ́ lókè. Bóyá àmì rẹ̀ ni ẹ kọ ní àṣìṣe: ẹ pè é ní A, O ló ń dá a dúró. Bóyá ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń retí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi E sí i.