Láti Àgbádárìgì sí Kútọnu: bí ẹ ṣe máa gba òǹtẹ̀ wọlé, tí ẹ ó sì jáde kí ọjọ́ yín tó pé

Ọ̀pọ̀ àwa ará Àgbádárìgì ló ní ẹbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Kútọnu náà wà, èdè Ègùn kan náà sì ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan máa gba bọ́dà kọjá bí ẹni tó ń lọ kí ará àdúgbò. Ọmọ àǹtí mi kan ní Àjárá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gun ọ̀kadà gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ṣe fàájì ní Kútọnu fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá ní kí òun tẹ̀ síwájú dé Tógò. Wọ́n ṣí páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀ wò ní bọ́dà kejì, wọn ò rí òǹtẹ̀ ìwọlé kankan. Odindi ọ̀sán ló fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Ó dùn mí, nítorí ọ̀fẹ́ ni ẹ̀tọ́ tó sọ nù yẹn.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ní Dakar lọ́dún 1979 ló fún wa ní ẹ̀tọ́ náà: ẹ lè wọ ìlú tó wà nínú àjọ náà láìgba físà, kí ẹ sì lo 90 ọjọ́. Ohun méjì ni àdéhùn náà ní kí ẹ mú dání, ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti ìwé ìlera.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ yẹ ọjọ́ tí páṣípọ́ọ̀tù yín máa parí wò. Tí kò bá ku oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀, ẹ tún un ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlera ni èyí tí gbogbo wa ń pè ní yẹ́lò káàdì, ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹ́lò fífà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn àjò, torí ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni káàdì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọdún 2016, títí ayé ni abẹ́rẹ́ kan fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń mú ọmọ ẹlòmíràn lọ, ẹ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

Tí ẹ bá dé Sẹ̀mẹ̀, bọ́dà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ fúnra yín. Ẹ má fi páṣípọ́ọ̀tù rán dírẹ́bà, ẹ má sì kó o fún ẹni tó ní òun á bá yín yára ṣe é. Òǹtẹ̀ méjì lẹ máa gbà: ti ìjáde lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà, àti ti ìwọlé lọ́wọ́ àwọn ti Bẹ̀nẹ̀. Ẹ dúró ka ọjọ́ tó wà lórí méjèèjì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tí kò bá hàn dáadáa, ẹ fi sùúrù sọ pé kí wọ́n tún un lù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé yẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni kíka ọjọ́. 90 ọjọ́ kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Ká ní 20 Oṣù Kejìlá lẹ wọlé, tí ẹ sì ka ọjọ́ ìwọlé mọ́ ọn, 19 Oṣù Kẹta ni 90 pé bí Oṣù Kejì bá jẹ́ ọlọ́jọ́ 28. Ẹni tó dúró di 20 ti kọjá ààlà. Tí ọjọ́ náà kò bá ní tó yín, ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ibẹ̀ lẹ máa lọ tọrọ àfikún, kí ó tó pé.

Fún ọkọ̀ ara yín, 90 ọjọ́ náà ni. Ẹ mú láísẹ́ǹsì, ìwé ọkọ̀ àti káàdì adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card dání.

Ẹ rántí pé Mali, Burkina Faso àti Niger ti kúrò nínú ECOWAS ní Oṣù Kìíní 2025. Ẹ béèrè òfin tuntun kí ẹ tó kọrí síbẹ̀.

Tí ìrìn àjò yín bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kíka ọjọ́ ṣì ṣe pàtàkì. Ní Yúróòpù, àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà, ń fún àlejò ní 90 ọjọ́, ó pẹ́ tán, láàárín 180 ọjọ́ èyíkéyìí, ọjọ́ ìwọlé àti ìjáde sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ lè jáde lónìí, kí ẹ padà wọlé lọ́la láti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun. Ní ti ìlú Ọba, físà àlejò lè jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ oṣù mẹ́fà ni ẹ sábà máa lè lò lẹ́ẹ̀kan. Ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ ṣọ́ jù: ọjọ́ orí físà wulẹ̀ ń sọ ìgbà tí ẹ lè kan ilẹ̀kùn mọ ni. Aṣọ́bodè tó gbà yín wọlé ló ń sọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ jáde, inú ìwé I-94 lẹ ti máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ gba òǹtẹ̀ méjì mìíràn, ìjáde Bẹ̀nẹ̀ àti ìwọlé Nàìjíríà, kí ẹ tó wọ mọ́tò Àgbádárìgì.