₦45,000 tí mo fi ra dísìkì tí mi ò nílò, àti ariwo PCIe Bus Error

₦45,000 ni mo ná sórí SSD tí kò sídìí tó fi yẹ kí n rà á, ó ṣì ń dùn mí di báyìí. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo fi ń tẹ projẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ iléèwé ní sọ́ọ̀bù mi ní Yábàá, Linux ló wà lórí ẹ̀, ló ṣàdédé ní òun ò lè fi fáìlì pamọ́ mọ́, ààyè ti tán. Mo gbé e lọ s'Íkẹjà, ní Computer Village, ọmọkùnrin tó bá mi wò ó ò tiẹ̀ wo ohun tó kún inú ẹ̀, ó kàn ní "Ẹ̀gbọ́n, dísìkì yín ti kéré jù, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀." Mo sanwó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, tuntun náà kún.

Inú bí mi débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mo fi du, àṣẹ tó ń wọn bí fáìlì ṣe tóbi tó, wá ibi tí ààyè gbà lọ, àṣé /var/log nìkan, ibi tí Linux ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, ti gbé gígábáìtì 110, ìlà kan náà ló ń tún ara ẹ̀ kọ:

pcieport 0000:00:1c.5: PCIe Bus Error: severity=Corrected, type=Physical Layer, (Receiver ID)

PCIe ni ọ̀nà tí WiFi, SSD àtàwọn káàdì inú kọ̀ǹpútà ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tí nǹkan tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá dé pẹ̀lú àbùkù, hardware fúnra ẹ̀ á ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, ìyẹn ni Corrected, fáìlì kankan ò bàjẹ́, kernel, ìyẹn ọkàn Linux, kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Àmọ́ tó bá ń ṣẹlẹ̀ láìdúró, á máa kọ ọ́ láìdúró.

Mo fi pci=noaer, tó ní kí kernel má kọ àṣìṣe PCIe sílẹ̀ mọ́, sínú grub, ètò tó ń gbé Linux dìde, ariwo dá, mo ti ń yọ̀. Ọjọ́ kejì WiFi ń já ṣáá. Mo kàn di kernel lẹ́nu ni, àìsàn náà ò lọ síbì kankan.

Ibi tó wá jẹ mí lọ́jọ́ mẹ́ta gbáko ni nọ́ńbà 00:1c.5 inú ìlà yẹn. lspci, àṣẹ tó ń to àwọn nǹkan orí PCIe, ní root port Intel ni, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí káàdì ń so mọ́, 8086:9d15 ni nọ́ńbà ẹ̀, ìyẹn ni pé ara mọ́dábọ́ọ̀dù gan-an ló wà. Àyà mi já. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe l'Ójúẹlẹ́gba ní "Tó bá ti jẹ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, àfi kó o wá òmíràn rà o." Owó tibo? Mo dá BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ jí láptọ́ọ̀pù, padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo yí kernel padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń mú iná lọ láàárín ẹ̀, mo ń da bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ torí ọ̀rọ̀ tí mi ò rí ìdí ẹ̀, àwọn ọmọ tó fẹ́ gba projẹ́ẹ̀tì sì ń pè mí lórí fóònù.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé root port kọ́ ló ṣẹ̀, òun ló ń fẹjọ́ sùn. Ẹni tó ń wọlé ló gbé ẹrẹ̀ wá, mẹ́gáàdì ló figbe ta, a wá fẹ́ lé mẹ́gáàdì lọ. Receiver ID tó wà nínú ìlà yẹn ti sọ ọ́ látọjọ́ yìí: ẹni tó gba nǹkan náà ló ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo lo lspci -tv, tó máa ń tò wọ́n bí igi àti ẹ̀ka, ni mo rí i pé nǹkan kan ṣoṣo ló so mọ́ port yẹn, káàdì WiFi ní 02:00.0. Mo pariwo nínú yàrá!

Títú ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù ò le, ẹ ṣáà kọ́kọ́ yọ bátìrì. Eruku ti bo ẹnu káàdì yẹn, mo fi írésà pa á jẹ́jẹ́, mo fi sípíríìtì nù ún, mo tẹ̀ ẹ́ padà dáadáa. Mo yọ noaer kúrò kí n lè gbọ́ tó bá tún ké. Ó dín kù gan-an, kò tán. Àṣẹ pcie_aspm=off tí mo fi sínú grub ló pa á lẹ́nu mọ́, torí ASPM ló ń jẹ́ kí ojú ọ̀nà yẹn máa sùn kó lè dín iná tó ń jẹ kù, ìgbà tó bá fẹ́ jí ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bátìrì ń tètè lọ sí i báyìí, mo fara mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, dmesg, àṣẹ tó ń fi ohun tí kernel kọ hàn, mọ́ roro, èmi tí mi ò jókòó ní kíláàsì kọ̀ǹpútà rí ni mo ṣe é. Tẹ́nì kan bá fẹ́ ta dísìkì fún yín, ẹ ní kó ṣí /var/log lójú yín ná. Tẹ́ ẹ bá wá rí Uncorrected dípò Corrected, ẹ yáa kó fáìlì yín síbòmíràn kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ìyẹn kì í ṣe ti ariwo lásán.

Dísìkì àtijọ́ yẹn, kò sóhun tó ṣe é. Òun ni mo ń kó projẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ sí.