Bí mo ṣe dán ipa ọ̀rinrin ilẹ̀ lórí òjò wò nínú àwòṣe ojú-ọjọ́ fún àríwá Nàìjíríà

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa sórí ilẹ̀ kan ní Zaria tàbí Kano, ṣé ọ̀rinrin tó kù nínú ilẹ̀ náà máa ń fa òjò mìíràn wá ni, àbí ńṣe ló ń darí rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Abuja, tó sì ń dá oko àgbàdo àti ọkà bàbà ní Samaru, ló mú mi bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lóko rẹ̀, ó sì ti dá, ló bá bi mí pé, "Àbúrò, ìwọ tó ń fi kọ̀ǹpútà wo ojú-ọjọ́, ṣé kí n gbìn ni àbí kí n dúró?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ irú ojú tí kọ̀ǹpútà náà fi ń wo ilẹ̀ yín."

Agbègbè wa yẹ fún irú àyẹ̀wò yìí. Ní Port Harcourt lásìkò òjò, ilẹ̀ kì í ṣaláìní omi, nítorí náà bí a tilẹ̀ fi omi kún un, èyí tí oòrùn máa fà sókè kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní aṣálẹ̀ Sahara, kò sí omi tí oòrùn fẹ́ fà. Àárín méjèèjì ni àwa wà: oòrùn pọ̀, omi kò tó, ọ̀rinrin ilẹ̀ ló sì ń pinnu bí ooru oòrùn ṣe máa pín. Kí kìlógíráàmù omi kan tó lè gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ó máa gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 joule, níbi tí omi kò bá sí, ooru yẹn kan náà ló máa mú afẹ́fẹ́ gbóná. Ní 2004, Randal Koster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ GLACE jáde, ìwádìí lórí bí ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ṣe ń nípa lórí ara wọn. Wọ́n lo àwòṣe 12, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú-ọjọ́, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó máa gbẹ kó sì máa rin bó ṣe wù ú, lẹ́yìn náà wọ́n fún gbogbo ẹ̀dà àwòṣe kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rinrin ilẹ̀ kan náà, kí wọ́n lè rí ibi tí òjò ti máa tẹ̀ lé ilẹ̀. Sahel, ilẹ̀ tó wà létí gúúsù Sahara, wà lára àwọn ibi tó yọ jù lọ.

Àwòṣe WRF, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ni mo lò. Mo fi ìsọfúnni ERA5, àkọsílẹ̀ ojú-ọjọ́ àtẹ̀yìnwá gbogbo ayé, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, mo sì yan ètò ilẹ̀ tó ń jẹ́ Noah, èyí tó pín ilẹ̀ sí ìpele mẹ́rin títí dé mítà méjì. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan bó ṣe wà, ọ̀kan tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ tó fi kù díẹ̀ kí ewéko rọ, àti ọ̀kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kún dé ìwọ̀n tó lè dì mú lẹ́yìn tí àpọ̀jù omi bá ti ṣàn lọ. SMOIS ni orúkọ ohun tí a ń yí padà nínú fáìlì wrfinput, tí àwòṣe fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà kan náà sí gbogbo ilẹ̀. Nínú SOILPARM.TBL, àtẹ ìwọ̀n irú ilẹ̀ tó bá WRF wá, ìdá omi inú ilẹ̀ tí ewéko ti ń rọ jẹ́ 0.010 fún iyanrìn, ó sì jẹ́ 0.138 fún ilẹ̀ amọ̀; ohun tó jẹ́ ọ̀dá fún amọ̀ lè jẹ́ ọ̀pọ̀ omi fún iyanrìn. Nítorí náà, mo ka irú ilẹ̀ tó wà ní ojúkò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn igun-mẹ́rin tí àwòṣe pín ilẹ̀ sí, kí n tó kọ ìwọ̀n rẹ̀.

Lórí ojúkò kìlómítà 27, níbi tí òfin Kain-Fritsch ti ń ṣírò òjò nítorí pé ìkùukùu kéré ju ojúkò lọ, ilẹ̀ tútù mú òjò pọ̀ sí i, òjò náà sì ń tètè rọ̀, ní nǹkan bí ọ̀sán gangan. Èyí kọ mí lóminú. Ẹni tó bá ti gbé ní Kano mọ̀ pé òjò ńlá ibẹ̀ sábà máa ń ṣú láti ìlà-oòrùn, pẹ̀lú ìjì, lálẹ́ tàbí lóru.

Mo wá lọ sí ojúkò kìlómítà 3, mo sì sọ cu_physics, ohun tó ń tan òfin Kain-Fritsch, di òdo kí àwòṣe fúnra rẹ̀ dá ìkùukùu rẹ̀. Mo fi ọ̀rinrin sí abala ilẹ̀ kan láàárín ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí mo ya àwòrán afẹ́fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i pé ó ń fẹ́ jáde láti orí ilẹ̀ tútù sí orí ilẹ̀ gbígbẹ, bí afẹ́fẹ́ òkun ṣe ń wọ Èkó lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń ru sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà méjèèjì. Apá ilẹ̀ gbígbẹ ni ìkùukùu àkọ́kọ́ ti yọ. Àwòrán yìí ni mo ka sí ju gbogbo ìyókù lọ, torí pé ó bá ohun tí sátẹ́láìtì rí mu: ní 2012, Christopher Taylor àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé òjò ìrọ̀lẹ́ máa ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gbẹ ju àyíká rẹ̀ lọ, pàápàá ní Sahel, nígbà tí àwọn àwòṣe tí wọ́n yẹ̀ wò ń sọ òdìkejì.

Èyí kò sọ pé ilẹ̀ gbígbẹ dára fún òjò. Bí gbogbo agbègbè bá gbẹ, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa dín kù, ìjì òjò kò sì ní rí ohun tó máa jẹ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ síhìn-ín tí kò rọ̀ sọ́hùn-ún, ọ̀hún ni ìkùukùu ọjọ́ kejì máa fẹ́ yọ sí. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n má fi oko aládùúgbò díwọ̀n tiwọn, kí wọ́n sì má gba àsọtẹ́lẹ̀ òjò àwòṣe kan gbọ́ láìkọ́kọ́ wo wákàtí tí ó ń rọ òjò rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ fẹ àyè iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí àwòṣe ń ṣírò, lójú, kó kọjá adágún Chad dáadáa ní ìlà-oòrùn, kó sì kan òkun ní gúúsù. ERA5 ló ń sọ ohun tó ń gba etí àyè náà wọlé; bí etí náà bá sún mọ́ Kano jù, ìjì òjò máa ti inú ERA5 wọlé ní ṣíṣú, ilẹ̀ tí a yí padà kò sì ní ní ọwọ́ kankan nínú rẹ̀.