Bí Mo Ṣe Fi Ìwé Ìtàn Abàmì Ṣọ́ Abo Ẹṣin Tó Fẹ́ Bímọ

Alájì kan tó ń sin ẹṣin ní Ìlọrin ló ní kí n bá òun ṣọ́ abo ẹṣin òun tó ti wọ oṣù ìbímọ. Oyún náà jẹ ẹ́ lógún gan-an, nítorí pé ẹṣin eléré ìje láti apá Kàdúná ló gùn ún, kì í ṣe irú èyí tí a kàn ń gùn fún ayẹyẹ ọdún Iléyá.

Oyún ẹṣin máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 340, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ òru tí yóò bọ́ sí. Òru ni ọ̀pọ̀ wọn ń bímọ, bí abo bá sì rí i pé èrò ń wọlé wọ̀de lọ́dọ̀ òun, ó lè mú ìrọbí náà mọ́ra títí wọn yóò fi lọ sùn. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ jókòó sí ọ̀ọ́kán, kí iná rẹ̀ má mọ́lẹ̀ jù, kí ó má sọ̀rọ̀, kí ó má sì sùn. Ìwé ìtàn abàmì ni mo mú dání. Èyí tí iwin ti yọjú láti ojú ìwé kìíní kì í dùn mọ́ mi. Èyí tí mo fẹ́ ni ibi tí ẹsẹ̀ kan ń tẹ̀lé ènìyàn lẹ́yìn, tí ó dúró nígbà tí òun náà dúró. Ẹni tó bá ń ka irú rẹ̀ lóru yóò gbọ́ bí koríko bá ta pàrà, ohun tí iṣẹ́ náà sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Bàbá tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà bi mí pé kí ni mo ń kà. Mo ní ìtàn abàmì ni, mo sì rọra sọ ti Eclipse fún wọn, ẹṣin tí wọ́n bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1764, lọ́jọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lójú, tí kò sí ẹṣin tó borí rẹ̀ rí nínú ìje, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìran akọ ọ̀pọ̀ jù lọ ẹṣin Thoroughbred (ẹ̀yà ẹṣin eléré ìje) òde òní ti ṣẹ̀. Bàbá náà mi orí. “Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde láìsí tírà lọ́rùn,” ni wọ́n wí.

Lóru tó bọ́ sí, omi ọmú ti dì bí ìda sí orí ọmú méjèèjì, ìhà rẹ̀ ń làágùn, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde. Nígbà tí omi ìrọbí ya, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo sì wo aago, torí pé bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá láìsí ọmọ, dókítà ẹran ni a ó pè. Àpò funfun ló kọ́kọ́ yọ. Bó bá jẹ́ pupa ni, ibi ọmọ ló ti já ṣáájú ọmọ nìyẹn, a ó sì fa àpò náà ya lójú ẹsẹ̀. Pátákò iwájú kan yọ, èkejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni imú tó lé orúnkún. A kò gé ìwọ́ rẹ̀, ó já fúnra rẹ̀, a sì fi áyódíìnì sí ìdodo. Kí wákàtí kan tó pé, ọmọ ti dúró. A rí i dájú pé ó mu omi ọmú àkọ́kọ́ dáadáa, nítorí inú omi ọmú yìí ni agbára tó ń gbógun ti àìsàn wà fún un, ìfun rẹ̀ kì í sì í lè gbà á mọ́ bí wákàtí 24 bá ti kọjá.

Ibi jáde kí wákàtí mẹ́ta tó pé. A tẹ́ ẹ sílẹ̀, a yẹ ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ń pè ní ìwo wò bóyá ó ya, dókítà sì tún un yẹ̀ wò láàárọ̀, ó ní ó pé. Alájì ti ń bèèrè ìgbà tí ọmọ náà yóò sáré ìje. Dókítà ní kí wọ́n má tíì gbé ìgàárì lé e títí yóò fi súnmọ́ ọmọ ọdún méjì.