Ẹ má tíì gbé katapílà wọ ilẹ̀ yẹn: àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wá sóko ní Rẹ́mọ

Ó ti sú mi láti máa wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń da owó sínú igbó láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Èkó ti há, ọ̀nà márosẹ̀ sì ti fa Rẹ́mọ sún mọ́ ọn, ni ọ̀pọ̀ bá ń ra ilẹ̀ ní Ìpẹru, ní Ìlíṣàn, ní Òde Rẹ́mọ àti lẹ́bàá Odògbolú. Wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì síbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, pẹ̀lú ajá kan tàbí méjì, adìyẹ díẹ̀, ewúrẹ́, àti ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé. Ohun tó dára gan-an ni, mo sì fẹ́ kó yọrí sí rere fún wọn. Iṣẹ́ mi ni pé mo ń bá wọn tún irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ṣe, mo sì ń bá wọn mójú tó ohun ọ̀sìn wọn. Àmọ́ kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí, wọ́n á ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọwọ́ wọn, ohun tí wọ́n sì ná an lé lórí gan-an ló ba ilẹ̀ náà jẹ́. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè tàbí bí wọ́n ṣe ń fún adìyẹ lómi. Ẹ mọ ìyẹn. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni mo bá wá.

1. Gbígbé katapílà wọ ilẹ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó wà lórí rẹ̀

Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ tó bó ṣe yẹ. Ẹni náà sanwó ilẹ̀ lónìí, kò ì pé oṣù kan, katapílà ti dé. Ó wó gbogbo igi, ó hú gbogbo ìtàkùn, ó sì fi abẹ rẹ̀ gbá ilẹ̀ dúdú tó wà lókè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ààlà. Ohun tó kù nílẹ̀ ni ilẹ̀ pupa oníyanrìn. Ilẹ̀ wa níhìn-ín kò lọ́ràá nísàlẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ lọ́dọọdún ti fọ èròjà inú rẹ̀ lọ tipẹ́, ìwọ̀nba tó sì fi ń bọ́ igi àti ẹ̀fọ́ wà nínú ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé jíjẹrà kó jọ lókè yẹn. Bí ẹ bá ti gbá a kúrò, kí oṣù kẹfà tó parí, àgbàrá á ti la kòtò gba àárín àgbàlá. Ìgbà náà ni wọ́n á wá máa ra ilẹ̀ dúdú ní tírélà kọ̀ọ̀kan. Tiwọn ti wà lókìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, koríko ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin kan ra ilẹ̀ lápá Ìṣarà. Igi obì gbàǹja tí àwọn baba onílẹ̀ gbìn ló wà níbẹ̀, àti agbálùmọ̀ ńlá kan ní igun. Ẹ rántí pé obì wà lára ohun tó sọ Rẹ́mọ di olókìkí. Òun ló kó àwọn oníṣòwò Hausa jọ sí Sábó ní Ṣàgámù. Obì tí ẹ bá fi èso gbìn máa ń tó ọdún 6 tàbí 7 kó tó so, agbálùmọ̀ sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Katapílà wó gbogbo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọkùnrin náà ní òun fẹ́ kí ojú ilẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ra ọ̀dọ́ igi òyìnbó gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbìn sí iwájú ilé l'Ékòó, ó tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Igi yẹn kò ṣíji bo nǹkan kan, kò sì so ohun tí ènìyàn lè jẹ.

Ìyá rẹ̀ wá láti Ìkẹ́nnẹ́ kí wọ́n lè rí ilé ọmọ wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Wọ́n ní, “Ọkọ mi, níbo ni worowo tó wà lábẹ́ obì ibí tẹ́lẹ̀ lọ?” Ó dáhùn pé, “Màámi, koríko ni mo rò pé ó jẹ́.” Màmá kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi jókòó.

Worowo kì í fẹ́ oòrùn gangan. Abẹ́ ìbòòji obì àti kòkó ló ti ń ṣe dáadáa, á máa fà lọ nílẹ̀, á sì gun ohun tó bá rí. Ẹ bá gé ìbòòji rẹ̀ kúrò, ẹ ti gé òun náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé eéran. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ níbi tó tutù, ewé á sì máa yọ láti ibẹ̀. Òun la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀bìrìpò, èso pupa tó ń so sún mọ́ ilẹ̀ sì ni wọ́n ti ń yọ èròjà thaumatin, tó dùn ju ṣúgà lọ lọ́nà tó pọ̀. Mo mọ ìdílé tó fi katapílà pa ewé eéran tó kún ẹ̀yìnkùlé wọn, tí wọ́n wá ń ra ewé ní ìdì ìdì lọ́jà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ se mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí mo fi gbòǹgbò tó ṣẹ́ kù hàn wọ́n létí ààlà, ìyàwó ilé bú sẹ́kún. Mo bá a hú u, a gbìn ín sábẹ́ ìyeyè kan tó ṣẹ́ kù, ó sì mú.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ jẹ́ kí òjò ọdún kan rọ̀ sórí ilẹ̀ náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun yàtọ̀ sí ojú ilé àti ọ̀nà. Bí ẹ kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá àgbẹ̀ àgbà kan àti ìyá kan tó ń ta ewé àti egbò lọ́jà, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín rìn ín ká. Ẹ fún wọn lówó ọkọ̀ àti ohun tí wọ́n á fi panu. Igi tàbí ewé tí wọ́n bá ní kí ẹ dá sí, ẹ so àkísà pupa mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, àdá ni kí ẹ fi ṣán ìyókù, kì í ṣe katapílà. Ojú ibi tí ilé máa wà, ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó ilẹ̀ dúdú rẹ̀ sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni ọgbà ẹ̀fọ́ yín máa ti jẹun.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tó hù ló yẹ ní dídá sí. Èyí tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Akíntọ́lá, Amẹ́ríkà ló ti wá. Òótọ́ ni pé omi rẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ó máa ń bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, bó bá sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná oko ń ràn lára rẹ̀ kíákíá. Ẹ hú u tegbòtegbò kó tó tanná, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri.

2. Kẹ́míkà

Ẹni tí kò bá gbé katapílà wá, á gbé ẹ̀rọ ìfín-kẹ́míkà wá. Kẹ́míkà apakoríko kò mọ̀ pé ebòlò, odú àti gbúre kì í ṣe koríko. Paraquat tí àwọn kan ṣì ń wá kiri ọjà, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá wọ ènìyàn lẹ́nu lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ títí táá fi kú, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Ẹ tún rántí pé ajá yín ń rìn lórí ilẹ̀ yẹn láìwọ bàtà, tó bá sì délé, á lá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni DDVP lára ajá. Òjò dé, eégbọn bo ajá, ẹnì kan á sọ fún yín pé kí ẹ bu oògùn apakòkòrò yẹn díẹ̀ sínú omi kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe é! Wọ́n pè mí sí ilé kan ní alẹ́, ajá ti dùbúlẹ̀, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnubodè ló fi wẹ̀ ẹ́, ó rò pé oore lòun ń ṣe. A fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, a sì gbé e sáré lọ bá dókítà ẹran, tó gún un ní abẹ́rẹ́ atropine. Ajá náà yè. Òmíràn tí mo rí kò rí dókítà ní àsìkò, ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran, owó rẹ̀ kò sì tó owó ajá mìíràn.

3. Ajá onírun kìjikìji

Ajá tí wọ́n bí fún ilẹ̀ yìnyín, kí ni yóò ṣe nínú ooru oṣù kejì ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Ẹ mú ajá ìbílẹ̀, ẹ bọ́ ọ dáadáa, kí ẹ sì máa gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ọmọ ajá ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ parvo, àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń pa ọmọ ajá, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ sì parí gbogbo rẹ̀ bí dókítà bá ṣe tò ó.

4. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ aládùúgbò. Ní abúlé wa, ewúrẹ́ ń rìn kiri; ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ ló ń ṣe ọgbà yí ẹ̀fọ́ rẹ̀ ká. Àwọn àlejò kì í mọ èyí. Ẹnì kan tú ajá sí ewúrẹ́ olóyún kan nítorí pé ó jẹ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ kú, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Ó san owó ewúrẹ́, ó san owó ọmọ inú rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, tó bá ń wá ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́ oko, kì í tètè rí.

Kí ẹ má sì torí ewúrẹ́ ná owó rẹpẹtẹ sórí wáyà. Igi akòko àti ìyeyè, ẹ gé ẹ̀ka wọn tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, wọ́n á ta gbòǹgbò. Pèrègún náà rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í tà á, ẹ bẹ aládùúgbò kó gé díẹ̀ fún yín, ìyẹn gan-an á jẹ́ kí ẹ mọra. Ẹ sún wọn mọ́ra, ẹ fi ọparun dè wọ́n ní agbede, ọgbà ti dé nìyẹn. Làpálàpá náà dára fún un nítorí ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ewé rẹ̀, àmọ́ májèlé ni kóró rẹ̀, nítorí náà kò yẹ níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré.

Ẹ má gbin nǹkan torí òjò àkọ́rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí ata. Ó máa jó o. Ẹ kó o jọ kó kọ́kọ́ jẹrà.

Èèpo gbágùúdá tútù ní májèlé tó ń pa ewúrẹ́. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe gàrí, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa.

Ewúrẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, ẹ dè é sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí imú àti ojú rẹ̀ bá ń ṣàn, tí ẹnu rẹ̀ ń dégbò, tó sì ń ṣu gbuuru, ẹ pe dókítà ẹran kó tó dé ara àwọn yòókù.

5. Abẹ́rẹ́ àjẹsára adìyẹ tó ti kú kó tó dé ilé

Lùkúlùkú máa ń gbá adìyẹ lọ tó bá di ìgbà ọyẹ́, ọ̀pọ̀ sì ń ra oògùn àjẹsára rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń gbé e. Wọ́n rà á ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n fi sínú àpò ṣòkòtò, wọ́n yà kí ọ̀rẹ́, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Oògùn ti kú. Wọ́n fún adìyẹ mu, adìyẹ kú, wọ́n ní oògùn kì í ṣiṣẹ́. Ẹ gbé kúlà àti yìnyín dání láti ilé. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi, kò gbọdọ̀ jẹ́ omi tí wọ́n da kílórínì sí, kí òùngbẹ sì ti máa gbẹ adìyẹ díẹ̀ kí wọ́n lè mu ún tán kíákíá. Fún adìyẹ ìbílẹ̀, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń kán sójú, tí NVRI, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí àrùn ẹran ní Vom lẹ́bàá Jos, ń ṣe. Ó fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣì fi sí yìnyín.

Ọ̀rọ̀ ejò ló kù, torí òun ni àwí tí gbogbo ẹni tó gbé katapílà wá máa ń wí fún mi. Mo gbà pé ejò wà, ẹ̀rù rẹ̀ sì tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fa ejò súnmọ́ ilé ni eku, ohun tó sì ń fa eku ni oúnjẹ adìyẹ tó dà sílẹ̀, ẹyin tí a kò tètè kó, àti òkìtì búlọ́ọ̀kù àti pákó tó ṣẹ́ kù nínú ilé kíkọ́. Mo ti rí ejò nínú àgbàlá tí kò sí ewé kan, tí wọ́n da kankéré sí látòkè délẹ̀, nítorí pé àpò oúnjẹ adìyẹ la ẹnu sílẹ̀ nínú gáráàjì. Ẹ jẹ́ kí àyè tó tó ìṣísẹ̀ mélòó kan mọ́ yí ilé ká, kí igbó tí ẹ dá sí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kó búlọ́ọ̀kù kúrò, ẹ di ihò tó wà lábẹ́ ilé adìyẹ. Májèlé eku ńkọ́? Ológbò àti ajá ló ń jẹ eku tó bá jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ má rà á. Gbogbo oúnjẹ adìyẹ, inú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí ni kó máa sùn.